Káàdì Gíráfíìkì Wo Ló Máa Gbé Géèmù Ọ̀la Ní Awoyaya?

Káàdì gíráfíìkì ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú géèmù: ojú ènìyàn, ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òjìji ilé, omi tí oòrùn ń tàn sí. Kì í yà á lẹ́ẹ̀kan kó dáwọ́ dúró. Bí ó bá ń ya àwòrán tuntun 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, eré á máa lọ geere. Bí ó bá já wálẹ̀ sí 20, eré á máa há, bọ́ọ̀lù á ti wọ àwọ̀n kí aṣọ́lé tó mira. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe ọkàn káàdì tí ọjà mọ̀ jù lónìí: NVIDIA, tó pe GeForce 256 rẹ̀ ní GPU àkọ́kọ́ láyé lọ́dún 1999; AMD, tó ra ATI lọ́dún 2006 tó sì ń ta Radeon; àti Intel, tó gbé Arc wọnú ìdíje náà lọ́dún 2022.

Géèmù kan máa ń gba ọdún mélòó kan kó tó jáde, káàdì kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ rà á fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o: ṣé èyí tí òun gbówó lé lónìí á lè gbé géèmù ọdún mẹ́ta òní? Ní Awoyaya, ìlú tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Lekki sí Epe ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ́jú-Lekki, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti kọjá Ajah àti Sangotedo, ìbéèrè náà di méjì. Ṣé káàdì á gbé géèmù? Ṣé iná á gbé káàdì? Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ lókè òkun nípa káàdì, ti àkọ́kọ́ nìkan ló ń dáhùn.

Géèmù tí gbogbo ayé ń dúró dè ni Grand Theft Auto VI. Rockstar Games gbé fídíò àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023, wọ́n ní ọdún 2025 ni. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2026. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2026. Nínú gbogbo ìkéde wọ̀nyí, PlayStation 5 àti Xbox Series X àti S nìkan ni wọ́n dárúkọ. Wọn kò mẹ́nu ba kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń sáré ra káàdì báyìí nítorí GTA VI, owó rẹ̀ ló fẹ́ kó lọ sùn síbì kan.

Ìṣe Rockstar kì í ṣe àdììtú fún ẹni tó bá wo ẹ̀yìn. GTA V dé orí PlayStation 3 àti Xbox 360 ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2015 ló tó dé orí kọ̀ǹpútà, nǹkan bí oṣù 19 lẹ́yìn rẹ̀. Red Dead Redemption 2 jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ti kọ̀ǹpútà sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó lé díẹ̀ ní ọdún kan. Bí GTA VI bá tọ ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á bọ́ sí orí kọ̀ǹpútà láàárín ìparí ọdún 2027 sí ìdajì ọdún 2028.

Káàdì tí wọ́n bá là sílẹ̀ pé ó yẹ fún géèmù ló tún ń fọ̀nà hàn. Fún GTA V, GTX 660 ni, káàdì agbedeméjì tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, tó ti lo ọdún méjì àbọ̀ ó lé lórí àtẹ kí géèmù náà tó dé. Fún Red Dead Redemption 2, GTX 1060 tó ní gígábáìtì 6 ni, tó jáde ní oṣù keje ọdún 2016, tó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ géèmù kì í ṣe aláàánú tó bẹ́ẹ̀. Ọjà ló ń wò. Àwọn tó ní káàdì agbedeméjì ló pọ̀, àwọn ló sì fẹ́ tà fún. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ọdún 2028, káàdì agbedeméjì ọdún 2025 ló máa bọ́ sí ipò yẹn: GeForce RTX 5060 àti 5060 Ti láti ọwọ́ NVIDIA, Radeon RX 9060 XT láti ọwọ́ AMD. Àbá ni, kì í ṣe ìlérí, ṣùgbọ́n àbá tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni.

Òṣùwọ̀n mìíràn wà nínú ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe géèmù ńlá fún gbogbo ayé lónìí kò lè fo PlayStation 5 dá, ẹ̀rọ tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Ọwọ́ AMD ni ọkàn gíráfíìkì inú rẹ̀ ti wá, ìran RDNA 2. Ó ní ẹ̀ka iṣẹ́ 36, mẹ́mórì gígábáìtì 16 ni òun àti ìyókù ẹ̀rọ sì jọ ń pín lò. Radeon RX 6700 ti kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka 36 kan náà, ìran kan náà. Xbox Series S kéré sí i púpọ̀, gígábáìtì 10 ni gbogbo mẹ́mórì rẹ̀, wọ́n sì ti sọ pé GTA VI á wọ inú rẹ̀. Nítorí náà ó ṣòro láti rò ó pé káàdì bí RX 6600, tó lágbára ju Series S lọ dáadáa, á jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí géèmù náà bá dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni ín á ní láti dín ẹwà àwòrán kù.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tún wá láti ọ̀dọ̀ CD Projekt Red. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n fi iṣẹ́ àfihàn kan tó jẹ mọ́ The Witcher 4 han àwùjọ lórí Unreal Engine 5. Orí PlayStation 5 lásán ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àfihàn kì í ṣe géèmù, èyí tí wọ́n ń ṣe lórí pèpéle máa ń dùn-ún wò ju èyí tó bá dé ilé lọ. Ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ ti sọ pé kò ní jáde ṣáájú ọdún 2027. Ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn kedere ni pé ẹ̀rọ ọdún 2020 ni wọ́n ṣì fi ń ṣe ìpìlẹ̀.

Ibi tí ààlà ti wà gan-an ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń fọwọ́ kun òjìji àti ìtànṣán sára nǹkan, wọ́n á kàn ṣe é kó jọ òótọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, NVIDIA gbé ìran RTX 20 jáde, tó ní ẹ̀ka àrà ọ̀tọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ ipasẹ̀ ìtànṣán kọ̀ọ̀kan láti ibi tó ti wá dé ibi tó ń lọ. Ray tracing ni wọ́n ń pè é. Fún bí ọdún mélòó kan, oge lásán ni: ẹni tó bá fẹ́ á tan án, ẹni tí kò bá fẹ́ á pa á. Ìgbà yẹn ti ń kọjá lọ. Indiana Jones and the Great Circle, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, kò gba káàdì tí kò ní ẹ̀ka yìí. Doom: The Dark Ages ti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ṣe bákan náà. RTX 2060 Super ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń lo NVIDIA. GTX 1080 Ti, tó jẹ́ ọba láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2017, tó sì ní mẹ́mórì gígábáìtì 11, kò sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí.

Fún ọjà Èkó, ìròyìn yìí burú, nítorí GTX ló kún inú rẹ̀. Ohun mìíràn tún dá kún un: ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, NVIDIA dáwọ́ dráífà géèmù tuntun dúró fún àwọn ìran Maxwell àti Pascal, ìyẹn àwọn bí GTX 970 àti GTX 1060, ó ku ti ààbò nìkan tí yóò máa ṣe fún wọn títí di oṣù kẹwàá ọdún 2028. Káàdì náà kò ní kú. Àwọn géèmù tó ti ń gbé náà ni á ṣì máa gbé. Àmọ́ bí géèmù tuntun bá dé tí ó sì ń ṣe ségesège lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe.

Kò yẹ kí èyí kó jìnnìjìnnì bá ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ló ń gbá. EA Sports FC 25 kò béèrè ju GTX 1050 Ti lọ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù, GTX 1660 sì ni èyí tó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Bọ́ọ̀lù kì í yára pọ̀ ní ẹrù. Pápá kan náà ni, agbábọ́ọ̀lù 22 náà ni. Àwọn tó ń ṣe géèmù ní Nàìjíríà fúnra wọn, bí Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2012, fóònù ni wọ́n ń ṣe tiwọn fún jù, ọ̀rọ̀ káàdì kò kàn wọ́n rárá.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, mẹ́mórì orí káàdì ló ń ya káàdì kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Mẹ́mórì yìí dà bí àtẹ ìyá ọlọ́jà: bí àtẹ bá fẹ̀, gbogbo ohun tí oníbàárà lè béèrè wà lójú, bí ó bá há, ìyá á máa sáré wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ mú un ní gbogbo ìgbà, oníbàárà á sì máa dúró. Ìdúró yẹn ni ojú ń rí nígbà tí géèmù bá há lójijì tó tún ń lọ. Nígbà tí The Last of Us Part I dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn tó ní káàdì gígábáìtì 8 ló kọ́kọ́ figbe ta, títí wọ́n fi tún géèmù náà ṣe. Ìdí kò ṣòro láti rí: orí ẹ̀rọ tó ní gígábáìtì 16 ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ èyí, síbẹ̀ wọ́n ń ta oríṣi méjì lábẹ́ orúkọ kan. Nígbà tí RTX 5060 Ti jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó wà ní gígábáìtì 8 ní dọ́là 379, ó sì wà ní 16 ní dọ́là 429. Nígbà tí RX 9060 XT náà jáde, ó wà ní 8 ní dọ́là 299, àti 16 ní dọ́là 349. Dọ́là 50 ni ìyàtọ̀ níbi méjèèjì, kò sì sí ibòmíràn tí dọ́là 50 ti ń ra ọjọ́ ogbó fún káàdì tó bẹ́ẹ̀. Arc B580 ti Intel, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ní dọ́là 249, ní gígábáìtì 12, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àtijọ́ kì í bá a ṣe dáadáa: ó nílò mọ́dábọ́ọ̀dù tó ní ètò Resizable BAR, bí kò bá sí i, agbára rẹ̀ á wálẹ̀ gan-an. RTX 3060 ti oṣù kejì ọdún 2021, tó ní gígábáìtì 12, ju RTX 4060 tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ ní mẹ́mórì, nítorí 8 ni wọ́n fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀, kò yẹ kí nọ́mbà ńlá tàn án jẹ.

Mọ́nítọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè, àwọn tó ń tajà kì í sì í sábà béèrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nínú yàrá àwọn ọ̀dọ́ láti Ajah dé Bogije kò ju 1920 ní 1080 lọ. Lórí irú rẹ̀, gígábáìtì 8 ṣì ń rọ́gbọ́n dá nínú ọ̀pọ̀ géèmù, káàdì olówó ńlá kò sì ní ohun tí yóò fi agbára rẹ̀ ṣe. Ọgbọ́n tí NVIDIA ń pè ní DLSS tún wà, tí AMD ń pe tirẹ̀ ní FSR, tí Intel ń pe tirẹ̀ ní XeSS: káàdì á ya àwòrán kékeré, á wá fi ìṣirò fẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi jọ ńlá. Èyí tó jẹ́ àǹfààní gidi ni pé apá tó ń mú àwòrán dára sí i nínú DLSS 4 ti oṣù kìíní ọdún 2025 ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo RTX, títí kan ti ọdún 2018. Apá tó ń fi àwòrán ayédèrú tó ju ẹyọ kan lọ kún àárín àwọn tòótọ́ ni wọ́n fi pamọ́ fún ìran 50, òun sì ni wọ́n ń pariwo jù nínú ìpolówó. Bí àwòrán tòótọ́ tó ń jáde bá kéré ní ìpìlẹ̀, àfikún yẹn á mú ojú dùn, ọwọ́ á sì máa wúwo.

Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ohun tí ará London tàbí ti Houston náà máa rò. Iná ló yí ìṣirò padà ní Awoyaya. Eko Electricity Distribution Company ló ń pín in fún agbègbè náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé NẸ́PÀ ló ṣì wà lẹ́nu ará ìlú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó kílówáàtì kan fún wákàtí kan láti ₦68 lọ sí ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Nígbà tó fi di oṣù keje, ó ti dúró sí ₦209.50. RTX 5090, ọ̀gá pátápátá nínú káàdì NVIDIA, ń jẹ 575 wáàtì lóun nìkan, NVIDIA sì ní kí ẹni tó bá rà á wá páwà sọ́pláì 1,000 wáàtì. Bí gbogbo kọ̀ǹpútà náà bá ń jẹ 800 wáàtì, tí olówó rẹ̀ ń gbá géèmù fún wákàtí mẹ́rin lálẹ́, kílówáàtì 3.2 fún wákàtí kan ni, ó lé ní ₦670 lálẹ́ kan, nǹkan bí ₦20,000 lóṣù. RTX 5060 ń jẹ 145 wáàtì. Gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ju nǹkan bí 270 lọ, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó ₦7,000.

Ìgbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ni ìyàtọ̀ á wá fojú hàn. Ẹ jẹ́ kí á mú ínfátà 1 kVA tó ní bátìrì kan, oní fóòtì 12, àńpù 200 fún wákàtí kan, irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú ilé oníyàrá méjì. Wáàtì 2,400 fún wákàtí kan ló wà nínú bátìrì náà lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì rẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n lò kó má bàa tètè kú, ínfátà fúnra rẹ̀ á sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó kù kò ju 1,000 lọ. Kọ̀ǹpútà oní-RTX 5060 pẹ̀lú mọ́nítọ̀ rẹ̀ á lo wákàtí mẹ́ta ó lé lórí èyí. Ti RTX 5090 á lo wákàtí kan, bí ínfátà bá tilẹ̀ gbà fún un, nítorí 800 wáàtì ni òpin agbára ínfátà bẹ́ẹ̀, á sì ti máa ké pí-pí-pí kí géèmù tó ṣí tán. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní "I better pass my neighbour", agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 650 wáàtì. Á gbé kọ̀ǹpútà RTX 5060, á gbé gílóòbù, á gbé fáànù kan. Kò lè gbé ti 5090. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sì sí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ fún géèmù láì ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Iná tó dé lójijì léwu ju iná tó lọ. Bí àwọn ọmọdé bá ti pariwo "Ọ̀pù NẸ́PÀ!", fóòtì máa ń ga sókè kó tó fara balẹ̀, òun ló sì ń jó páwà sọ́pláì, tí páwà sọ́pláì sì ń fa káàdì lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Sitébíláísà tàbí UPS kì í ṣe oge fún ẹni tó bá fi owó oṣù mélòó kan ra káàdì.

Láptọ́ọ̀pù ń gba ènìyàn lọ́wọ́ apá kan nínú wàhálà yìí, nítorí bátìrì wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní àwọn ẹ́sítéètì Awoyaya fi ń yàn án. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Orúkọ kan náà lórí láptọ́ọ̀pù kì í ṣe káàdì kan náà. RTX 4060 ti láptọ́ọ̀pù lè jẹ́ 35 wáàtì, ó sì lè jẹ́ 115, bó bá ti wu ẹni tó ṣe é. Èyí àkọ́kọ́ kò lè bá ìkejì sáré. RTX 5090 ti láptọ́ọ̀pù ní gígábáìtì 24, ti orí tábìlì ní 32, ọkàn wọn kò sì tóbi bákan náà. Bí láptọ́ọ̀pù bá sì ti wà lórí bátìrì lásán, káàdì á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Bátìrì yẹn wà kí iṣẹ́ má bàa sọnù, kì í ṣe kí géèmù máa bá a lọ.

Owó ni ọ̀rọ̀ tó kàn. RTX 4060 jáde ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2023 ní dọ́là 299. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn gan-an, kí Báǹkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, nǹkan bí ₦460 ni ìjọba ń ka dọ́là kan sí: káàdì náà á jẹ́ nǹkan bí ₦137,500. Nígbà tí dọ́là bá wà ní ₦1,500, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dún 2024 àti 2025, káàdì kan náà di ₦448,500, kí wọ́n tó ka owó ọkọ̀, owó bodè àti VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ ọn. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000 láti oṣù keje ọdún 2024; káàdì agbedeméjì kan ju owó oṣù mẹ́fà lọ. RTX 5090 tó jáde ní dọ́là 1,999 á sún mọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ mẹ́mórì tún dé: ní ìparí ọdún 2025, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ibùdó fún òye àtọwọ́dá ń ra mẹ́mórì lárà-tán, owó rẹ̀ sì fò sókè. Micron kéde ní oṣù kejìlá ọdún yẹn pé òun ń pa Crucial, ẹ̀ka tó ń ta mẹ́mórì fún ará ilé, tì. Káàdì tó ní gígábáìtì 16 ló ṣeé ṣe kí èyí kàn jù, nítorí náà ìrètí pé owó á já bí ọjọ́ bá ṣe ń gun orí ọjọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dájú mọ́.

Ìdí abájọ nìyí tí tòkunbọ̀ fi ń ṣàkóso. Computer Village ní Ìkẹjà ni orísun rẹ̀, láti Awoyaya sì ni ènìyàn á ti la Ajah àti gbogbo Lekki kọjá, kó gun Third Mainland Bridge kó tó débẹ̀, nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tó lè gba ìdajì ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rù ọ̀nà yìí, wọ́n á ní kí ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù gbé e wá, wọ́n á gba ohun tí wọn kò rí.

Ohun tó ń wọlé jù láti òkè òkun ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì: Dell OptiPlex, HP EliteDesk, Lenovo ThinkCentre, àwọn tí ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Páwà sọ́pláì wọn máa ń wà láàárín 180 sí 260 wáàtì, kò sí wáyà káàdì lára rẹ̀, káàdì gíga kò sì lè wọ inú rẹ̀. Ojú ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ kò lè fún un ju 75 wáàtì lọ. GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 àti GTX 1650 ti ọdún 2019 wọ inú òdiwọ̀n yẹn, ìdí tí wọ́n fi gbajúmọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n méjèèjì ló ṣubú sẹ́yìn ààlà ìmọ́lẹ̀ tí a sọ lókè. Ọ̀kan tó rékọjá ààlà náà láì béèrè wáyà ni RTX 3050 oní gígábáìtì 6 tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2024: 70 wáàtì péré ló ń jẹ, àwọn kan sì ṣe é ní kúkúrú fún ara tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má ṣe fi pe RTX 3050 oní gígábáìtì 8 ti ọdún 2022. Èyí ń jẹ 130 wáàtì, wáyà ló fẹ́. Fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, RTX 3050 kékeré yìí wà lára àwọn tó dára jù, bí kò tilẹ̀ ní lè ṣe ju ìwọ̀n àwòrán tó kéré jù nínú géèmù ọdún 2027.

Ẹ̀tàn pọ̀ nínú ọjà. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn kan ti ń mú ọkàn GTS 450 àtijọ́, wọ́n á yí ohun tí wọ́n kọ sí inú rẹ̀ padà, á sì máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti lójú Windows. RX 580 náà ní ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní 2048SP, tó kéré sí RX 580 tòótọ́, tí ọ̀pọ̀ sì ń rà láì mọ̀. Káàdì tí wọ́n fi wa owó kírípítò pẹ̀lú wà níbẹ̀: nígbà tí Ethereum dáwọ́ fífi káàdì wa owó dúró ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló ya wọ ọjà àgbáyé. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Á yí káàdì sójú ìmọ́lẹ̀, á wo ìdí ìdè irin bóyá ó ti dípẹtà, á fi ìka yí fáànù bóyá ó ń mì. Á ki káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà níwájú olùtajà, á ṣí sọ́fítíwíà GPU-Z, tó ń tú àṣírí ayédèrú láti ọdún 2018, á ka iye ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà á fi sọ́fítíwíà FurMark kó ooru bá a fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó tó ka owó. Olùtajà tó bá ní kò sí iná láti fi dán an wò, kí oníbàárà gbé owó rẹ̀ dání.

Ọjọ́ iwájú tó jìnnà ju èyí lọ ti ń yọjú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Microsoft àti AMD kéde pé àwọn jọ ń ṣe ọkàn Xbox tó ń bọ̀. Ní oṣù kẹwàá, Mark Cerny ti Sony àti Jack Huynh ti AMD jọ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ka tuntun tí wọ́n ń ṣe fún títọ ipasẹ̀ ìmọ́lẹ̀ àti fún òye àtọwọ́dá. Bí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn bá dé, ilẹ̀ tí géèmù dúró lé á ga sókè. Ṣùgbọ́n PlayStation 4 jáde lọ́dún 2013, wọ́n sì ṣì ń ṣe géèmù ńlá fún un lọ́dún 2022 pàápàá. Ìlànà kan náà á fún káàdì tó bá PlayStation 5 dọ́gba ní ọdún mélòó kan sí i.

Nítorí náà, fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó ga dáadáa, tó ní páwà sọ́pláì 500 wáàtì ó lé, RX 9060 XT oní gígábáìtì 16 ni owó rẹ̀ bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù, RTX 5060 Ti oní 16 sì tẹ̀ lé e fún ẹni tó bá fẹ́ràn DLSS tàbí tó tún ń fi káàdì ṣe fídíò. Lórí tòkunbọ̀, RTX 3060 oní gígábáìtì 12 ló ṣáájú, nítorí mẹ́mórì rẹ̀. RX 6600, tó ń jẹ 132 wáàtì, ló wà fún ẹni tí ínfátà rẹ̀ kò lágbára. Kò sí ohun tí RTX 5090 fẹ́ ṣe lórí mọ́nítọ̀ 1080 ní ilé tí iná ti ń lọ.

Ohun tó kù ni ìtọ́jú. Àárín ọ̀sà àti òkun ni Awoyaya wà, atẹ́gùn iyọ̀ sì ń wọlé láti etíkun ní gbogbo ọdún. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, eruku ojú ọ̀nà Lekki sí Epe àti ti ọyẹ́ á parapọ̀ mọ́ ọn. Iyọ̀ àti eruku tó bá fi ọ̀rinrin mú ara wọn lórí irin tó ń tu káàdì lára ló ń pa fáànù, ló sì ń mú ooru ga. Kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ àti kúrò lójú fèrèsé, kí wọ́n máa fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde lóṣooṣù nígbà ọyẹ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ thermal paste tó wà láàárín ọkàn káàdì àti irin rẹ̀ bí ooru bá ti ń kọjá ìwọ̀n Celsius 85 nígbà géèmù. Bí wọ́n bá tún fi sọ́fítíwíà dín wáàtì rẹ̀ kù díẹ̀, káàdì tó ń jẹ 170 lè padà sí 140 láì pàdánù ju àwòrán díẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ooru á sì dín kù, bátìrì á sì pẹ́ sí i.